Owó mi kò tó ra gbogbo rẹ̀: kí ni kí n kọ́kọ́ rà sí kẹ̀kẹ́ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ ojú títì, irú èyí tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká wá sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò. Mo ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, mo sì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ jáde ní òpin ọ̀sẹ̀. Tó bá ti tó wákàtí kan, ìdí á máa ta mí, ọmọńdinrín mi àti ìka tó tẹ̀ lé e á sì kú. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n lọ ra ríìmù káábọ̀nù tó fúyẹ́. Òmíràn ní bàtà tó ń há mọ́ pẹ́dàlì ló kàn. Owó ọwọ́ mi kò ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n mú ṣáájú?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó jáde lápò. Ẹ fi ríìmù yẹn sílẹ̀ ná. Ibi tí ara yín ti ń kan kẹ̀kẹ́ ni kí owó kọ́kọ́ lọ, ìyẹn ìdí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀; lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń kan ilẹ̀, ìyẹn táyà. Mi ò ka akoto àti iná mọ́ ohun tí à ń tò sí ipò kìíní tàbí ìkejì. Bí ẹ kò bá tíì ní wọn, ẹ má tíì gun kẹ̀kẹ́ jáde ní ìdájí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ ríìmù náà. Bí ẹ bá wọn kílò 75, tí kẹ̀kẹ́ wọn kílò 9, kílò 84 ni ẹsẹ̀ yín ń tì. Ríìmù tó fi ìdajì kílò fúyẹ́ ju èyí tí ẹ ní lọ kò tíì yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù yẹn. Àwọn tó ń fi eré kẹ̀kẹ́ jẹun pàápàá ní ibi tí kẹ̀kẹ́ wọn gbọ́dọ̀ fúyẹ́ mọ: UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé, kò gbà kí kẹ̀kẹ́ ìdíje wọn kéré sí kílò 6.8. Ìrora ló ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tí ìdí ń ta kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kó máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun fún ìdí yín, ẹ kọ́kọ́ wo bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ṣe wà. Ẹ fara ti ògiri, ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán. Tí ẹ bá wá gbé iwájú ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì bí ẹ ṣe máa ń gùn ún, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ìjókòó tó ga jù á máa mú kí ìbàdí yí sọ́tùn-ún sósì, ibẹ̀ ni ara ti ń bó. Ẹ wo imú ìjókòó náà pẹ̀lú. Bí ó bá dorí kọ ilẹ̀, ẹ ó máa yọ́ síwájú, ọwọ́ yín ni yóò sì máa gba gbogbo ìwúwo ara. Ìka tí ẹ ní ó ń kú yẹn, láti ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Iṣan kan gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sí ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e. Bí ara bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan, kíkú ló máa kú. Ẹ tẹ́ ìjókòó náà kó dọ́gba, ẹ má ṣe na ìgbọ̀nwọ́ gan-an, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ń dì mú. Ìbọ̀wọ́ onífóòmù wúlò, ṣùgbọ́n kò lè tún ìjókòó tó dorí kodò ṣe.

Bí ẹ bá tún un ṣe tí kò dẹwọ́, ó lè jẹ́ pé ìjókòó náà kò bá egungun yín mu. Egungun méjì la fi ń jókòó, àlàfo tó wà láàárín wọn sì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ tẹ́ páálí sórí àpótí líle, ẹ jókòó lé e, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni wà lórí kẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá dìde, ẹ ó rí ojú ihò méjì. Ẹ fi rúlà wọn àárín ọ̀kan sí àárín ìkejì, kí ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un. Bí ìjókòó tí ẹ máa rà ṣe yẹ kó fẹ̀ tó nìyẹn, bí a bá fojú bù ú. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó rọ̀ múlọ́múlọ́ tàn yín. Egungun á rì sínú rẹ̀, àárín rẹ̀ á sì yọ sókè láti tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun tẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ṣòkòtò kẹ̀kẹ́. Òun ni mo máa ní kí ẹ fi owó gidi rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i sóde, ẹ fi àtàǹpàkò tọ gbogbo ojú rírán tó yí fóòmù ká. Èyí tí ẹ bá ti mọ̀ lára lọ́wọ́ báyìí, ìdí á mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá tẹ fóòmù náà: kó le díẹ̀, kó sì padà sípò kíákíá. Fóòmù tó nípọn tó sì rọ̀ jù á ti pẹlẹbẹ kí ẹ tó dé ìdajì ìrìn àjò. Irú èyí tó ní okùn léjìká dára ju onírọ́bà ìbàdí lọ, nítorí kì í yọ́, kì í sì í fún ikùn. Bó bá ń fà yín léjìká tí ẹ bá nàró, kò burú. Fún ẹni tó tẹ̀ síwájú ni wọ́n rán an. Ẹ má wọ pátá sábẹ́ rẹ̀ o. Ojú rírán pátá ló ń dá egbò sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, wọ́n á sì máa dá kẹ̀kẹ́ lẹ́bi. Ẹ fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́.

Ní ti akoto, ẹ wo inú rẹ̀ fún sítíkà EN 1078, tí í ṣe ti Yúróòpù, tàbí CPSC, ti Amẹ́ríkà. Èyí tó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ yege kí wọ́n tó lè lẹ sítíkà náà; ìfúyẹ́ àti ihò atẹ́gùn ni owó púpọ̀ sábà máa ń rà. Kó jókòó nílẹ̀ níwájú orí, ìka méjì péré sókè irun òkè ojú. Ẹ tú okùn àgbọ̀n sílẹ̀, kí ẹ mirí: kò gbọ́dọ̀ máa yí kiri. Tí ẹ bá fi ṣubú tó gbá ilẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ì báà má sán, torí fóòmù inú rẹ̀ tó ti fọ́ pọ̀ kì í padà sípò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni ra tòkunbọ̀.

Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Ẹ fi méjì sẹ́yìn bí agbára bá ká a, nítorí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kì í mọ̀ tí iná ẹ̀yìn bá kú. Ẹ tún so aṣọ tó ń tan iná padà mọ́ kókósẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò lójú awakọ̀ ń jẹ́ kó tètè mọ̀ pé ènìyàn ló wà níwájú òun.

Táyà wá kù. Bí àyè bá wà láàárín férémù àti bíréèkì, ẹ lo mílímítà 28 dípò 23. Iye afẹ́fẹ́ tó ga jù tí wọ́n kọ sára táyà, òpin ni. Kì í ṣe iye tó yẹ kí ẹ fún un. Ẹni kílò 75 lórí 28 lè bẹ̀rẹ̀ láti 70 sí 80 psi (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), kí ẹ̀yìn ju iwájú lọ díẹ̀. Bí ríìmù bá ní òpin tirẹ̀, ẹ má kọjá rẹ̀. Ẹ ra pọ́ǹpù onígéèjì sílé, torí àtàǹpàkò kò lè mọ ìyàtọ̀ 60 sí 80. Nínú àpò kékeré abẹ́ ìjókòó, túùbù kan, ọ̀pá ìṣítáyà méjì, pọ́ǹpù kékeré àti Allen key (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú bóòtù) ti tó. Tí táyà bá jò, ẹ fi aṣọ nu inú rẹ̀ yíká kí ẹ tó fi túùbù tuntun sí i. Ibi tí aṣọ bá há sí, ibẹ̀ ni ẹ̀gún tàbí àfọ́kù ìgò wà.

Bàtà tó ń há mọ́ pẹ́dàlì ni kó kẹ́yìn. Ó dára, òótọ́ ni. Láti ọdún 1984 tí ilé iṣẹ́ Look gbé irú rẹ̀ jáde fún kẹ̀kẹ́ ojú títì, tí eléré kẹ̀kẹ́ Bernard Hinault sì fi gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 1985, ni àwọn eléré kò ti wo ẹ̀yìn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó máa fi tiyín rìn níbi iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ mú irú tí wọ́n ń pè ní SPD, èyí tí bóòtù méjì fi di irin ìhámọ́ rẹ̀ mú, tí irin náà sì wọnú ìsàlẹ̀ bàtà lọ, ẹ má mú oníbóòtù mẹ́ta tó ń yọ̀ lórí táìsì. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀. Ẹ dẹ sípíríǹgì pẹ́dàlì náà tán, ẹ di ògiri mú, kí ẹ máa yí gìgísẹ̀ síta láti yọ ọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, títí tí ẹsẹ̀ á fi máa ṣe é láìrò ó, kí ẹ tó gbé e dé ojú títì.