Òfin kíláàsì báyọ́lọ́jì fún SS1: èyí tó yẹ kí ẹ dúró lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Mo rí ìbéèrè yín pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé báyọ́lọ́jì SS1 lé yín lọ́wọ́ ní Ìkòròdú, pé ẹ ti kọ òfin tó tó ogún sílẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọdún tí mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí ti jẹ́ kó dá mi lójú pé òfin tí olùkọ́ kò bá lè dúró tì ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kó má wulẹ̀ kọ ọ́. Nínú ogún yẹn, ẹ yọ ariwo, aṣọ ìdọ̀tí àti irun kúrò. Ilé ìwé ti ní òfin fún wọn. Èyí tó jẹ́ tiwa ni bí ọmọ ṣe ń wo nǹkan, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yà á, àti bí kò ṣe ní fara pa nínú láàbù. Níbẹ̀ náà ni máàkì ti máa ń jò lọ tí wọ́n bá dé WAEC.

Yíyàwòrán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń pẹ́ jù kó tó mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù ra ìwé práktíkà tó yàtọ̀ sí ti nótù, irú èyí tí ojú kan rẹ̀ ní ìlà tí ojú kejì ṣófo, pẹ́ńsù HB méjì tí ẹnu wọn mú, kílínà tí kì í ba ìwé jẹ́, àti rúlà. Báírò kò gbọdọ̀ kan àwòrán. Ìlà ara àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan tó lọ geere, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ léra wọn, a kì í sì í kun inú rẹ̀ dúdú. Kí àwòrán náà gùn tó 8 sí 12 cm. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ àwọn ẹ̀yà kò ní rí àyè. Rúlà la fi ń fa ìlà tó ń tọ́ka sí ẹ̀yà. Kò ní orí ọfà, ọ̀kan kò gbọdọ̀ dábùú èkejì, kó sì fara kan ohun tó ń tọ́ka sí gan-an. Ìlà tó bá dúró ní ìta ẹ̀yà, bó tilẹ̀ ku bíńtín kó dé ibẹ̀, kò ní máàkì.

Lẹ́tà ńlá ni kí wọ́n fi kọ àkọlé, kó sì sọ ojú tí a fi wo nǹkan náà: ṣé ẹ̀gbẹ́ ni, ṣé iwájú ni, ṣé gígé òró ni àbí gígé ìbú. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kọ iye ìgbà tí àwòrán fi tóbi ju ohun gidi lọ. Wọ́n á fi gígùn ohun gidi pín gígùn àwòrán. Hóró ẹ̀wà tó gùn ní 1.5 cm, tí a yà ní 9 cm, ×6 ni. Kò sí cm lẹ́yìn 6 yẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ á wọn hóró náà ní òró, á wá wọn àwòrán ní ìbú. Ẹ ní kí wọ́n fa ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán láti fi ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n hàn, ẹ ó sì rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀.

Àkọtọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tó mọ ibi tí operculum (ìdérí ìjàgbọ̀n) wà lára ẹja ṣùgbọ́n tó kọ "opaculum" kò ní gba máàkì àmì yẹn. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún wọn láti kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kò gba ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Orúkọ onílátìn bíi Zea mays (àgbàdo), lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ èkíní, lẹ́tà kékeré ló bẹ̀rẹ̀ èkejì, tí a bá sì fi ọwọ́ kọ ọ́, a ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí ojú bá rí ni kí ọwọ́ kọ. Ká ní ìbéèrè ní kí wọ́n kọ ìyàtọ̀ tí ojú lè rí láàárín ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré tó wà lórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ ọ́ pé inú omi ni àkèré ń gbé, orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé. Omi kò sí lórí tábìlì, nítorí náà kò sí máàkì. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ gbẹ, ó sì ní kókó-kókó; awọ àkèré rin, ó sì ń yọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ kúrú, ti àkèré gùn. Inú àtẹ ni kí wọ́n kọ wọ́n sí, kí awọ kọjú sí awọ, kí ẹsẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kọ awọ sápá kan, tó kọ ẹsẹ̀ sí apá kejì, kò tíì sọ ìyàtọ̀ kankan. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́ má fọwọ́ kan ojú títí yóò fi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí oró wà nínú kókó ńlá méjì tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀.

Nítorí òfin pé ohun tí ojú bá rí ni kí ọwọ́ kọ, ọjọ́ práktíkà gan-an ni kí ẹ ra ohun tí ẹ máa lò, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣáájú. Ọsàn àti tòmátì kò ṣòro rí ní ọjà Sábó. Ní ti epìyà, ẹ tètè dé Ẹ̀bútè láàárọ̀, ẹ sì sọ fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja pé kí wọ́n má ha ìpẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì la inú rẹ̀. Ẹ yẹ lẹbẹ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀n máa ń fa òmíràn ya, ọmọ á sì ya lẹbẹ tó ya náà bó ṣe rí i. Ẹ fi yìnyín sí i. Tí ooru bá ti mú un títí di ọ̀sán, ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó pupa á ti ṣú, ohun tí wọ́n á sì kọ nìyẹn.

Ẹja tàbí ọsàn kan tó fún ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n àwòrán kò ní àjọyà. Ẹ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó jáde; ìwé tó bá ti dé ilé, inú ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n á ti wò ó yà. Ọ̀nà tó yá láti mọ̀ ni kí ẹ ka ẹ̀là ọsàn: tí ti ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 11, tí ti àwòrán jẹ́ 8, kò wo ọsàn náà.

Ó wá kan iná àti kẹ́míkà. Òfin tí mo fẹ́ kí ẹ kọ lẹ́tà rẹ̀ tóbi jù ni pé sípírítì àti iná kì í pàdé. Nígbà àyẹ̀wò sítáàṣì nínú ewé, ẹ kọ́kọ́ fi ewé tó ti yá oòrùn fún wákàtí mélòó kan sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, kó lè kú kó sì rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa sítóòfù. Ìgbà tó bá ti kú tán ni ẹ tó máa ṣí ìgò sípírítì. Ẹ kó ewé náà sínú tẹ́ẹ̀tì-túùbù, ẹ da sípírítì bò ó, ẹ sì gbé túùbù náà sínú omi gbígbóná yẹn. Àwọ̀ ewé á jáde sínú sípírítì, ewé á funfun, á sì le gbagidi. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án kó rọ̀ padà, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo funfun, ẹ wá kán áyódíìnì sí i. Ibi tí sítáàṣì bá wà á di búlúù tó ṣú dúdú. Áyódíìnì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì náà ń ṣiṣẹ́, ẹ sáà fi omi là á títí tí yóò fi dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, kó sì wà nínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀. Tí ẹ bá ṣe é ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, nígbà tí òjò kì í jẹ́ kí oòrùn ràn, ewé lè má yí dúdú dáadáa. Ewé máńgòrò náà kò dára fún un, ó nípọn jù; ewé Hibiscus ni kí ẹ wá. Kí korobá iyanrìn àti aṣọ tútù wà nítòsí kí ẹ tó dáná rárá.

Àyẹ̀wò oúnjẹ, òpó mẹ́ta ni àtẹ rẹ̀: Test, Observation, Inference. Fún Benedict, tí a fi ń wá ṣúgà, 2 ml omi oúnjẹ àti 2 ml Benedict nínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Tó bá di àwọ̀ ewé péré, ṣúgà wà níbẹ̀, ó kéré ni. Kí wọ́n má kọ ọ́ pé kò sí. Ẹ má fi ṣúgà tíì ṣe é, sucrose ni, kì í yí Benedict padà fúnra rẹ̀. Glúkóòsì tàbí oyin ni kí ẹ lò. Fún Biuret, tí a fi ń wá purotéènì, sodium hydroxide ló ń ṣáájú, kí ẹ tó kán copper sulphate 1% sí i ní ẹ̀kán 2 tàbí 3. Tó bá pọ̀ jù, búlúù rẹ̀ á bo àwọ̀ elésè àlùkò tí ẹ ń wá. Sodium hydroxide ń jó ara, omi púpọ̀ la fi ń ṣàn án kúrò. Tí ẹ bá rí Millon, kẹ́míkà àyẹ̀wò purotéènì àtijọ́, nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù, ẹ má lò ó, mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀.

Máíkírósíkóòpù kò pọ̀ lọ́rọ̀: ọwọ́ kan lápá rẹ̀, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí rẹ̀, lẹ́ǹsì kékeré la fi ń bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í yí kókó ńlá tó ń mú lẹ́ǹsì àti síláìdì súnmọ́ra nígbà tí lẹ́ǹsì ńlá bá wà lórí síláìdì, torí ó máa fọ́ ọ.

Ọ̀sà tó wà nítòsí yín jẹ́ ọrọ̀ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò lò. Gbogbo ọmọ ló ti gbọ́ ojú oró àti òṣíbàtà nínú àdúrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé gbòǹgbò ojú oró ń rọ̀ sínú omi lásán, pé ti òṣíbàtà wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi water hyacinth, ewéko mìíràn tó ń léfòó lórí omi, kún un. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní omi wa, láti ìhà Àgbádárìgì, ó sì máa ń dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ omi bá pọ̀ sí i. Òfin ibẹ̀ ni pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi. Korobá olókùn ni kí ẹ fi fa á, torí ewu kí ọmọ rì sómi, àti àtọ̀sí ajá tó máa ń wà níbi omi tí kò níyọ̀ tí kò sì yára ṣàn.

Òfin kan wà tó máa wúlò jù ní ìgbà ìjogún àbùdá, àmọ́ ẹ kọ ọ́ láti SS1: kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ kéde jínótáìpù tàbí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú kíláàsì, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ bèèrè. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀, èsì irú ẹ̀jẹ̀ sì lè tú àṣírí ilé ẹlòmíràn síta. Kí ẹ má sì gún ọmọ kankan lábẹ́rẹ́ fún práktíkà, nítorí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B àti HIV ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Àpò méjì ni kí ẹ wá, kí ẹ kó ẹ̀wà pupa 50 (A) àti funfun 50 (S) sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òbí AS méjì nìyẹn. Kí wọ́n mú ẹyọ kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan láìwò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Tí wọ́n bá mú un nígbà 4 péré, wọn kò ní rí 1:2:1 (AA kan, AS méjì, SS kan), wọ́n á sì ní irọ́ ni ìwé ń pa. Ẹ jẹ́ kó tó 100, kí ẹ sì sọ fún wọn pé Mendel, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàwárí òfin ìjogún àbùdá, fúnra rẹ̀ rí ẹ̀wà gíga 787 àti kúkúrú 277, èyí tí í ṣe 2.84 sí 1, kì í ṣe 3 géérégé.

Ọmọ tó bá pẹ́ torí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tàbí ọkọ̀ ojú omi, ẹ má lé e lọ nínú práktíkà. Ẹnu ọ̀nà ni kó dúró sí títí ẹ ó fi pa iná. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ fún gbogbo wọn ní ìbéèrè oníyíyàn 10 ní ìṣẹ́jú 10, nítorí ìbéèrè 50 ní ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n máa bá pàdé nínú Paper 1 ti WAEC.