Ohun tó yẹ kí ìlú mẹ́ta da pọ̀ nínú ètò omi, àti ohun tí kò yẹ

Ìbéèrè yín ni pé ṣé kí ìlú yín àti méjì tó múlé tì yín ní Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, da ètò omi wọn pọ̀, nítorí ẹnì kan sọ fún yín pé bí ètò bá ṣe ń tóbi sí i ni owó orí kéègì kan yóò máa dínkù. Mo ti ṣe akápò ìgbìmọ̀ omi tí ó so àwọn ìletò bíi tiyín pọ̀ lágbègbè yìí kan náà, èmi sì ni àwọn obìnrin máa ń wá bá nílé nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni yẹn, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. Ẹ wo tánkì: bí ẹ bá sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ojú irin tí ẹ ó fi kàn án yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n omi tí yóò gbà yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ fún ọgọ́rùn-ún ilé lè ṣọ́ ọ fún ọ̀ọ́dúnrún láìjẹ́ pé ẹ san owó oṣù rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Irú ìṣirò yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales kó àjọ omi àti ti ìdọ̀tí tó ju 1,000 lọ jọ sábẹ́ àjọ 10 péré ní ọdún 1974.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ilé sún mọ́ ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, igbó àti oko ló wà láàárín ìlú sí ìlú, kò sì sí ẹni tí yóò ra omi lójú ọ̀nà yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ olókùúta, kí ẹ ri páìpù, kí ẹ sì máa tún un ṣe nígbà tí ọkọ́ bá bà á tàbí tí iná igbó bá jó ibi tó yọ síta. Èrè tí a rí lórí tánkì, inú páìpù ni ó wọlẹ̀ sí. Lẹ́yìn èyí, àpáta ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Okun tí Ìjùmú wà nínú rẹ̀, ibi tí àpáta ti sán tàbí tí ó ti jẹrà ni kànga ẹ̀rọ ti ń rí omi. Bí ẹ bá gbé pọ́ǹpù ńlá sínú kànga tí omi rẹ̀ kò pọ̀, yóò tètè fà á gbẹ ni, bí ó bá sì ń yí láìsí omi, yóò jóná. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó kọ́ wa ní èyí, torí ẹni tó gbẹ́ kànga fún wa kò sọ ọ́.

Ohun tí kò náwó páìpù ni kí ẹ dà pọ̀. Ẹ gba mẹkáníìkì kan ṣoṣo fún ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ra oògùn apakòkòrò omi pọ̀. Ẹ ní pọ́ǹpù kan nípamọ́, èyí tí kò ní wúlò àfi bí kànga yín gbogbo bá ń lo irú àti agbára pọ́ǹpù kan náà, nítorí náà ẹ fẹnu kò lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sọ́jà.

Ti ṣálángá àti sókèwéè ni èrè rẹ̀ tètè hàn jù. Láti Lọ́kọ́ja ni ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí inú wọn ti ń wá bá wa, owó ọ̀nà ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí a ń san, yálà ilé kan ni ó fà tàbí mẹ́ta. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn sílẹ̀, a kì í sì í pè é títí orúkọ yóò fi tó èyí tí yóò kún tánkì rẹ̀. (Ẹ yọ ṣálángá tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti gbẹ gan-an kúrò nínú orúkọ náà, ọkọ̀ kì í lè fà á.)

Kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa pa owó kéègì tirẹ̀ mọ́, kí ó sì máa dá iye kan sínú àpò àjọni gẹ́gẹ́ bí iye ẹnu ẹ̀rọ tó ní. Ẹ má fi iye ènìyàn ṣe é, àríyànjiyàn rẹ̀ kì í tán. Bí ilé ìlú méjì bá ti kan ara wọn, ẹ lè so páìpù wọn pọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fi mítà sí ààlà.