Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó rọrùn nínú igbó àti létí odò, ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹni ọdún 56 ni mí, Tanke ni mo ń gbé. Dókítà ní kí n máa rìn déédéé, ṣùgbọ́n orúnkún mi kan máa ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ mi ń bọ̀ láti Èkó nínú oṣù Kejìlá, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ọ̀kan nínú wọn ní Òwu, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, ni ká lọ, èkejì ní ká gun Òkè Sóbì. Ohun tí èmi ń wá ni ọ̀nà tó tẹ́jú, tó ní igi àti omi, tí a kò sì ní ṣìnà níbẹ̀. Níbo ni kí a lọ, báwo ni kí a sì ṣe múra?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfojúsọ́nà àwọn ọmọ, Mà. Kí n tó dárúkọ ibì kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí iṣẹ́ igbó ti kọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí máa ń fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ gígùn kọ́ ló ń sọ ọ̀nà di líle ní agbègbè wa. Omi ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan náà tí ọmọ ọdún 7 lè sáré lórí rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá lè di irà tí yóò gba bàtà lẹ́sẹ̀ àgbàlagbà nínú oṣù Kẹsàn-án, ó sì lè di ojú eérú àti koríko jíjó nígbà tí oṣù Kejì bá fi máa wọlé. Ibi tí omi wà nínú oṣù tí ẹ fẹ́ jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, kí ẹ tó béèrè iye kìlómítà.

Òjò wa ní Ìlọrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, a sì máa dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹwàá. Oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹsàn-án ló sì sábà máa ń pọ̀ jù. Bí òjò bá tilẹ̀ dá, omi kì í lọ lọ́gán, nítorí pé ilẹ̀ àbàtà máa ń fa omi mọ́ra bí kànìnkànìn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa tú u sílẹ̀ fún odò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àárín oṣù Kọkànlá títí dé ìparí oṣù Kejìlá ju gbogbo àsìkò yòókù lọ: odò ṣì ń ṣàn, ewé ṣì tutù létí omi, ilẹ̀ ti le lábẹ́ ẹsẹ̀, iná igbó kò sì tíì gbalẹ̀. Àwọn ọmọ yín ti yan àsìkò tó dára láìmọ̀. Ọyẹ́ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ikọ́ fée, nítorí pé eruku àárọ̀ ọyẹ́ kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára mu.

Láti Tanke, ibi tó sún mọ́ yín jù ni ọgbà Yunifásítì Ìlọrin, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà náà gbòòrò, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dàn, odò Ọ̀yun gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì ti sé e ní dáàmù. Ọgbà ẹranko kan tún wà níbẹ̀ tí yóò mú inú ọmọ kékeré dùn tí ẹsẹ̀ bá ti ń rò ó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ̀ pé ẹ wá rìn, ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n gbà kí àlejò dé. Àǹfààní ibẹ̀ fún orúnkún yín ni pé ẹ lè rìn lórí ọ̀nà ọ̀dà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ yà sí ọ̀nà ilẹ̀, kí ẹ sì tún padà sórí ọ̀dà nígbà tó bá wù yín.

Ẹ fi ibẹ̀ kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń ka ilẹ̀. Lórí ilẹ̀ gíga, koríko ló pọ̀, igi sì jìnnà síra wọn: igi emi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, àti igi igbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Àwọn igi wọ̀nyí dúró nítorí pé èèpo ara wọn nípọn tó láti gba iná ọdọọdún mọ́ra, àti nítorí pé àwọn àgbẹ̀ kì í gé wọn tí wọ́n bá ń ṣán oko. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ gíga náà tí ẹ wo ọ̀ọ́kán, ẹ ó rí igi tó dúdú minijọ́ tó tò bí ìlà láàárín koríko pupa. Odò tàbí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ olómi ló wà níbẹ̀. Gbòǹgbò igi ń rí omi mu, iná kì í sì í wọ ibi tútù. Ẹni tó bá mọ èyí lè mọ ibi tí omi wà láti ọ̀nà jíjìn, ó sì lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti rì.

Èkejì ni agbègbè dáàmù Asà, ní ìhà gúúsù ìlú. Láti gúúsù ni odò Asà ti ń wá, ó pín Ìlọrin sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí àríwá. Etí omi tí a sé ní ohun kan tí etí odò tó ń ṣàn kò ní: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣe ń le sí i, omi náà máa ń fà sẹ́yìn, a sì máa fi ẹrẹ̀ tútù sílẹ̀, orí ẹrẹ̀ yìí sì ni lékèélékèé àti àwọn ẹyẹ omi mìíràn ti ń wá oúnjẹ ní kùtùkùtù. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣe àkùrọ̀, tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà tí oko orí ilẹ̀ gíga ti gbẹ. Ẹ lè gba ojú ọ̀nà wọn kọjá, ṣùgbọ́n ẹ kí wọn kí ẹ tó wọlé, ẹ má sì tẹ ebè wọn, nítorí pé ẹsẹ̀ ọmọdé kan lè ba ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́. Ohun ìní ìjọba ni dáàmù fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́, nítorí náà ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn láti máa rìn létí odò Asà láàárín ìgboro, ní ìhà Amilẹ́gbẹ́ àti àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Ilé ti sún mọ́ ọn jù, pàǹtí sì pọ̀.

Ọmọ yóò fẹ́ bọ́ sínú omi. Ẹ má gbà fún un, bó ti wù kí omi náà mọ́ tó lójú. Nínú omi tó dúró tàbí tó ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìgbín kéékèèké kan wà tó máa ń gbé àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Kòkòrò tó ń jáde lára ìgbín náà máa ń gba awọ ara wọlé, kò dìgbà tí ènìyàn bá mu omi. Ẹ jẹ́ kó ju òkúta sómi láti orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìyẹn tó o.

Ní ti Òkè Sóbì, mi ò rí i gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ ti sọ ìdí rẹ̀ nínú ìbéèrè yín: ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dùn yín. Nígbà tí a bá ń gun òkè, èémí ló ń ṣiṣẹ́; nígbà tí a bá ń sọ̀ ọ́, orúnkún ló ń gbé gbogbo ìwúwo ara, ó sì ń gbé e léraléra. Àwọn ọmọ yín lè gùn ún láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti béèrè ọ̀nà àti àṣẹ ládùúgbò, nítorí pé bárékè àwọn ológun wà ní agbègbè náà, a kì í sì í ṣèèṣì wọ irú ibẹ̀, pàápàá pẹ̀lú fóònù tí à ń fi ya àwòrán kiri.

Òwu ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù. Ọ̀wá Kájọlà ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, wọ́n sì sábà máa ń sọ pé omi náà já wálẹ̀ láti ibi tó ga tó 120 mítà. Ó rẹwà; mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí omi náà pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí i nínú àwòrán ni ọ̀nà ibẹ̀ burú jù, ìgbà tí ọ̀nà sì dára ni omi ń dín kù. Àpáta tó wà nísàlẹ̀ máa ń yọ̀, nítorí pé omi ń ta sí i lára nígbà gbogbo, kòkòrò amùkúrù tó ń gbé àrùn afọ́jú odò kiri sì máa ń yé ẹyin sínú irú omi tó ń sáré bẹ́ẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, àwọn ajínigbé ti da igbó Ìfẹ́lódùn àti àwọn apá ibòmíràn ní Gúúsù Kwara láàmú ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Èmi kò ní kó ìdílé mi lọ síbẹ̀ àfi bí àwọn ará ìlú náà fúnra wọn àti àwọn ọdẹ wọn bá sọ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an pé ọ̀nà dára, tí wọ́n sì tẹ̀ lé wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé omi Òwu kò níí kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ kan jáde kúrò ní Ìlọrin, tí ìròyìn ọ̀nà sì dára, Ẹ̀sìẹ́ ni mo lè dárúkọ. Ibẹ̀ ni àwọn ère òkúta tó ju 800 lọ wà, tí ìròyìn wọn jáde síta ní 1933, tí wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìrìn ibẹ̀ kò pọ̀, àlàáfíà igi ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti odò líla, nítorí pé èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan, mo kó àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan la odò kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Omi náà kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ láàárọ̀. Nígbà tí a fi máa padà ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, ó ti dé itan, bẹ́ẹ̀ ìkán òjò kan kò kán sí wa lára. Òkè ni òjò ti rọ̀. A jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú kí ó tó fà, ebi sì pa wá. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń wo àwọ̀ omi: bó bá ń pọ́n, tí ewé àti ìtì igi sì ń léfòó lórí rẹ̀, ó ń kún bọ̀ nìyẹn. Omi tó ń sáré tó bá ti dé orúnkún lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ẹ̀yin kò nílò láti la odò kankan nínú ìrìn yín yìí. Bí ọ̀nà bá dé omi, ibẹ̀ ni òpin ọ̀nà.

Ọ̀nà náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta sórí ọ̀nà, igbó ìlú ni, ẹ padà, ẹ má béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ewé tí wọ́n so kókó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tóóró lè jẹ́ àmì ọdẹ tó dẹ ebìtì tàbí tàkúté síwájú. Èyí tó máa ń tan àlejò jẹ jù ni ọ̀nà màlúù: ó fẹ̀, ó mọ́, ó sì dà bí ọ̀nà ìlú, ṣùgbọ́n ibi koríko àti omi ló ń lọ, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé, a sì máa yà sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsí ìdí. Bí ọ̀nà bá ti yà lójú yín lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ kò sì rí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn tàbí ojú táyà ọ̀kadà lórí rẹ̀, ẹ padà síbi tó ti kọ́kọ́ yà.

Ìmúra kò le. Bàtà kánfáàsì tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀sẹ̀ ti tó, nítorí èsìsì àti wèrèpè. Èso wèrèpè máa ń gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, irun ara rẹ̀ sì máa ń fò nínú atẹ́gùn. Ẹ di ọ̀pá kan mú lọ́wọ́ òdìkejì orúnkún tó ń dùn yín. Ẹ má fi ọwọ́ sábẹ́ òkúta tàbí sínú ewé gbígbẹ, torí pé paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ènìyàn bí ejò yòókù. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fà á mu, ẹ má sì dì í le. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn ńlá lọ́gán. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá píọ́-wọ́tà méjì fún wákàtí kan pọ̀ tó, ẹ sì kó ọ̀rá rẹ̀ padà wálé.

Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ìdárayá tí kò le jù lọ́sẹ̀, ẹ sì lè pín in sí ọjọ́ márùn-ún. Lórí ọ̀nà ilẹ̀, kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí kan kò burú fún yín pẹ̀lú ọmọdé. Ẹ má fi kìlómítà wọ̀n ọ́n rárá, aago ni kí ẹ wò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọ ọgbà yunifásítì ní nǹkan bí agogo méje àárọ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú 20 bá pé, níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ yí padà. Bí orúnkún náà kò bá wú, tí kò sì dùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún àlọ nígbà tí ẹ bá tún jáde. Bó bá wú, ẹ sinmi fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì fi hàn dókítà kí ẹ tó lọ sí Asà.