Èsì: Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ ò rọ̀ lè di olùkọ́ yóògà?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ọwọ́ yín kì í kan ẹsẹ̀ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá irú yín lè kọ́ni ní yóògà, ìyẹn eré ìdárayá tó dá lórí títẹ̀ àti nína ara pẹ̀lú èémí. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ̀yìn dídùn ló gbé èmi náà débẹ̀. Ní kíláàsì mi àkọ́kọ́, olùkọ́ fi gbogbo ara tẹ̀ mí lẹ́yìn kí n lè tẹ̀ sí i. Iṣan ẹ̀yìn itan mi fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tiro. Títí dòní, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan akẹ́kọ̀ọ́ láìgbàṣẹ.

B.K.S. Iyengar, olùkọ́ yóògà ará Íńdíà tó kú ní 2014 lẹ́ni ọdún 95, ló là mí lójú. Àìsàn ò jẹ́ kó gbádùn ìgbà èwe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ lílo bẹ́líìtì, àga àti búlọ́ọ̀kù igi láti fi ran ara lọ́wọ́ nínú yóògà di ohun tó gbajúmọ̀. Bí mo ṣe ń kọ́ni náà nìyẹn: rọ orúnkún díẹ̀, gbọ́wọ́ lé àga, jẹ́ kó jẹ́ ìbàdí ló ń tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Bí èémí bá ti ń já, o ti kọjá àyè rẹ nìyẹn.

Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 200 tí ọ̀pọ̀ ń ṣe láti di olùkọ́ yóògà, ẹ ṣe é, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Èmi tí mo gbàwé ẹ̀rí, tí mo bá dojú kọ kíláàsì, ọ̀tún àti òsì ṣì máa ń dà pọ̀ mọ́ mi lójú.