Ìwé gbèsè ojú irin Ṣáínà ti ọdún 1911: ṣé owó ṣì wà nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ra àpótí ìwé àtijọ́ kan ní Lọ́ńdọ́nù níbí, mo sì bá ìwé gbèsè ìjọba Ṣáínà nínú rẹ̀: Hukuang Railways, 1911, £20. Ẹnì kan ní òun máa bá mi gba owó náà tèlé-tèlé, àmọ́ kí n kọ́kọ́ san owó iṣẹ́. Ṣé kí n san án? Kí ló sì dé tí báńkì orílẹ̀-èdè mẹ́rin fi para pọ̀ yá wọn lówó?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ wo àwọn tíkẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọn ò gé lára ìwé náà: èlé tí wọn ò san nìyẹn, láti àwọn ọdún 1930. Ọdún 1951 ló yẹ kí wọ́n dá ojú owó padà, wọn ò dá a padà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan pẹjọ́ ní Alabama. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre ní 1982, ó sì fagi lé e ní 1984. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ṣáínà parí irú gbèsè báyìí láàárín ara wọn ní 1987, àsìkò àtibéèrè owó sì ti kọjá tipẹ́. Àwọn tó ń kó ìwé àtijọ́ jọ nìkan ló lè rà á lọ́wọ́ yín.

Ní ti báńkì mẹ́rin, kì í ṣe àánú ni wọ́n fi ń du àtiyáni lówó. Ẹni tó yáni lówó ló ń fi ẹnjiníà tirẹ̀ síbẹ̀, òun náà ló ń rọ́jà irin tà. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì ti fẹnu kò ní 1909 kí Ààrẹ Taft tó fúnra rẹ̀ tẹ wáyà sí Ọmọọba Chun, adelé ọba, pé Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ó di May 20, 1911 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: mílíọ̀nù 6 pọ́n-ùn, èlé márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì mú ẹnjiníà ọ̀nà tó lọ sí Guangzhou, Jámánì àti Amẹ́ríkà pín ọ̀nà tó lọ sí ìpínlẹ̀ Sichuan. Owó orí iyọ̀ àti ti ọjà ní ìpínlẹ̀ Hubei àti Hunan, tí wọ́n ń pè pọ̀ ní Hukuang, ni wọ́n fi dógò.

Ibi tó dùn mí jù rèé: àwọn ará Sichuan ti ń dá owó lára ìrẹsì oko wọn kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn la ojú irin tiwọn. Ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ìfọwọ́sí yẹn, ìjọba gba ọ̀nà náà lọ́wọ́ wọn. Ìlú dìde. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ṣójà yìnbọn lu èrò ní Chengdu, olú ìlú Sichuan. Wọ́n kó ọmọ ogun kúrò ní Hubei lọ pa iná Sichuan. Àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́ kù ní Wuchang, ní Hubei, ló dìtẹ̀ ní October 10. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 1912, ọba ọmọdé tí Ọmọọba Chun ti ń delé fún ti kúrò lórí oyè. Gbèsè náà kò bá a lọ. Ìjọba tuntun ló jogún rẹ̀, òun ló sì ń san èlé náà títí tó fi dá a dúró.