Ọmọ tí ìwé kò yá: iṣẹ́ wo ló kàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 19. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣe WAEC, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń gbé e ṣubú ní gbogbo ìgbà. Bàbá rẹ̀ ní kó tún un ṣe, èmi ní kó lọ kọ́ṣẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ wo ni ẹni tí kò mọ ìṣirò lè ṣe tí yóò fi jẹun?
Ìyá kan, Àpáta, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, ní UCH tàbí níbikíbi tó bá sún mọ́ yín. Ọmọ tí kò rí ojú pátákó dáadáa, olódo ni wọ́n máa ń pè é. Bí ojú bá dá ṣáká, tiyín la gbè: kó lọ kọ́ṣẹ́. Kéèyàn tún ìdánwò ṣe nígbà tí ọ̀nà tó fi ń kàwé kò yí padà, owó fọ́ọ̀mù ló fi ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá iṣẹ́ tí kò ní ìṣirò. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń mówó wọlé, ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ọmọ kàn ń fojú rí ohun tó ń kà ni. Ẹ wo iṣẹ́ táìlì. Yàrá tó jẹ́ mítà 3.6 níbùú àti lóòró, mítà onígun mẹ́rin 12.96 ni. Fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí gígé àti fífọ́, ó di bíi 14.3. Páálí táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 tó ní ẹyọ 4 máa ń bo mítà onígun mẹ́rin 1.44, nítorí náà páálí 10 ni wọn yóò rà. Kó tó lẹ ẹyọ àkọ́kọ́, láti igun kan náà, yóò wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ògiri kan àti 4 lára èkejì. Bí okùn tó so méjèèjì kò bá jẹ́ 5 géérégé, igun yàrá ti wọ́ nìyẹn, táìlì yóò sì máa tín-ín-rín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. (Ohun tí tíṣà fi ọdún mẹ́ta pariwo rẹ̀ ni o.)

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí wọ́n bu sìmẹ́ǹtì sí igun mẹ́rin ẹyọ, kí àárín ṣófo. Ẹ fi ìka kàn án, yóò dún bí agolo. Bí ìkòkò bá já lu ibẹ̀, táìlì á là.

Wáyà iná ilé náà dára, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá ó dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Wáyà 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 tó nípọn jù ú lọ ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi 1.5 sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ki ohun tó ń fa iná púpọ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà lè gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́ nínú ògiri.

Kó lọ dúró ọ̀sẹ̀ méjì méjì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá bíi mẹ́ta: kápẹ́ńtà nítòsí ọjà pákó Bódìjà, réwáyà ní Gate, onítáìlì ládùúgbò. Èyí tó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ ni kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀.

Àdéhùn ni àwọn òbí kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí: iye ọdún, owó ìkọ́ṣẹ́, ẹni tó ń sanwó ọkọ̀, owó fìrídọ́ọ̀mù, ẹni tí yóò ra irinṣẹ́, àti oṣù tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ táìlì. Bí èyí tó kẹ́yìn kò bá sí níbẹ̀, ọmọ lè po yẹ̀pẹ̀, kó máa ra búrẹ́dì fún ọ̀gá, títí ọdún kan á fi pé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé télọ̀ tí kò ní WAEC lè gba ìwé ẹ̀rí ìjọba?
Télọ̀ kan, Mọ̀kọ́lá

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ipele 3 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 2, kó tó kan 1, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni wọ́n sì fẹ́ rí. NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, náà ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú tiwọn. Bó bá jẹ́ kíkà ló ń dà yín láàmú, Trade Test ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.