Èéfín jẹnẹrétọ̀ ti lọ, kí ló wá ń ṣe bàbá àwọn ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló mú kí bàbá àwọn ọmọ mi dákú mọ́ yàrá, wọ́n fún un ní ọ́síjìn ní ọsibítù, ó jí, ara ẹ̀ yá, a padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ọ̀rọ̀ kan náà lá máa bi mí ṣáá, ó ń bínú sódì, ó tún ń wọ́ ẹsẹ̀. Àwọn ẹbí ẹ̀ ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Ṣé èéfín yẹn náà ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ òun o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní oníwàkiwà. Kàbọ́ọ̀nù mónósáìdì, ìyẹn gáàsì olóró tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, tó bá sì wọnú ẹ̀jẹ̀ ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 200, ọpọlọ ò wá ní rí ọ́síjìn lò. Ọ́síjìn ọsibítù máa ń lé gáàsì náà jáde láàárín wákàtí mélòó kan, àmọ́ ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ lè máa bá iṣẹ́ lọ, àwọn okùn tó ń gbé ìsọfúnni kiri nínú ọpọlọ á máa bó bíi wáyà tí rọ́bà ara ẹ̀ ń ṣí, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà míì bí ogójì ọjọ́, kó tó hàn síta, nígbà tí gbogbo èèyàn ti dúpẹ́ tán. Ìrántí, ìwà àti ìrìn ló sábà máa ń kàn, àwọn míì ò tiẹ̀ ní lè di ìtọ̀ mú mọ́.

Ẹ gbé e padà sí ọsibítù lónìí, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ náà àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, torí dókítà tí ò bá gbọ́ ọ lè rò pé àìsàn ọpọlọ lásán ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò ní rí gáàsì náà mọ́ báyìí, ìyẹn ò sọ pé kò sí nǹkan, MRI orí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, ni kẹ́ ẹ béèrè fún, pẹ̀lú dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ.

Kò sí oògùn kan pàtó tó ń lé e lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló máa ń gbádùn láàárín ọdún kan, ó kàn máa ń ṣẹ́ kù díẹ̀ lára àwọn kan ni. Fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìdárayá ṣe, máa ń ran ìrìn lọ́wọ́. Kó má wa mọ́tò ná, ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀ fún un, ẹ má bá a jà tó bá tún béèrè.

Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ wà nílé lọ́jọ́ náà? Kí wọ́n yẹ̀ yín wò.